Ìbọn ní ìbàdí ní gbangba: bí ọlọ́pàá tó dá yín dúró kò bá mọ òfin ńkọ́?

Ará Houston (ẹni tó béèrè)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé, mo ti gba gíríìnì káàdì, mo sì ń ta oúnjẹ ilé wa ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo máa ń tì nígbà tí alẹ́ bá ti lẹ́. Èmi nìkan ni mo máa ń gbé owó ọjà jáde lọ sínú ọkọ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi ń rò ó láti fi ìbọn ìléwọ́ sínú àkọ̀ ní ìbàdí, kí ẹni tó bá ní èrò ibi lọ́kàn lè rí i láti òkèèrè. Mo ti gbọ́ pé òfin gbà á láìsí ìwé àṣẹ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé àwọn ọlọ́pàá mìíràn kò mọ òfin yìí dáadáa, pé wọ́n lè dá mi dúró kí wọ́n sì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́ lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nílé, ọlọ́pàá, sójà àti ọdẹ la mọ̀ mọ́ ìbọn, nítorí náà n kò ní ohun tí mo lè fi èyí wé. Kí ni kí n ṣe bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí mi?

Akọ̀wé Agbẹjọ́rò, Dallas

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín. Ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Bí òfin ṣe wà nílẹ̀ ni mo fẹ́ là kalẹ̀, kí ẹ tó lọ bá ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí. Láti ọdún 1871 ni Texas ti ká àwọn èèyàn lọ́wọ́ kò nípa gbígbé ìbọn ìléwọ́ kiri, ìgbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n tó gbà kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ máa fi í sínú àkọ̀ ní gbangba. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin tí wọ́n ń pè ní HB 1927 dé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, tí kò béèrè ìwé àṣẹ mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, bí òfin kò bá ti dí i lọ́wọ́ láti ní ìbọn.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn pé ó lu èèyàn ní àlùṣèṣe kò sí lára àwọn tí òfin náà dá sílẹ̀. Ẹni tó mutí yó tó sì gbé ìbọn jáde ti ṣẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìbọn bá hàn síta, inú àkọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà, bó ṣe rí nínú ọkọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó kàn ki ìbọn bọ inú ìgbànú ṣòkòtò, tí ìdí rẹ̀ yọ síta, ti rú òfin, ọlọ́pàá tó bá mú un kò sì ṣe àṣìmú.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Texas kò fi dandan lé e, ẹ jọ̀wọ́ ẹ lọ gba ìwé àṣẹ. Ogójì dọ́là ni owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kò sì ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, lẹ́yìn èyí tí ẹ ó yìnbọn níwájú olùkọ́ kí ó lè mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n lò. Ìdí pàtàkì ni òfin ìjọba àpapọ̀ nípa àyíká ilé ẹ̀kọ́: ìjọba àpapọ̀ ka gbígbé ìbọn léèwọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ bàtà sí ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí ìpínlẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà fún ní ìwé àṣẹ sì wà lára àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Houston, ẹ sọ fún mi, báwo ni èèyàn ṣe lè wakọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé láìkọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kankan? Ẹni tí Texas dá sílẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ lè máa rú òfin ìjọba àpapọ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Èyí gan-an ni ibi tí mo ti rí i pé àwọn ará ìlú kò mọ òfin ju ọlọ́pàá lọ.

Ará Atlanta

Ní Georgia níbí náà, wọ́n ti mú ìwé àṣẹ kúrò láti oṣù kẹrin ọdún 2022. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, èmi kò fara mọ́ fífi í hàn. Olè tó ti ń ṣọ́ yín yóò kọ́kọ́ rí i, yóò sì mọ ẹni tí òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọlù tàbí ohun tí òun gbọ́dọ̀ já gbà. Òfin kan náà tó gbà yín láyè láti fi í hàn gbà yín láyè láti fi aṣọ bò ó. Bí ó bá wà lábẹ́ aṣọ, kò sí ẹni tí yóò pe 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, nítorí yín, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí kò mọ òfin yóò sì dín kù púpọ̀.

Òṣìṣẹ́ Ààbò, Fort Worth

Ohun tí ará Atlanta sọ nípa 911 ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwọn. Kì í sábà jẹ́ pé ọlọ́pàá kàn rí yín lójú pópó ló ní kí ẹ dúró. Ẹnì kan tí ẹ̀rù bà ló pè, ohun tí ọlọ́pàá sì gbọ́ lórí rédíò ni pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà níwájú ilé ìtajà pẹ̀lú ìbọn. Kò gbọ́ pé inú àkọ̀ ni ìbọn náà wà, kò gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó gbọ́ yẹn ló gbé dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní ti ìmọ̀ òfin, ilé aṣòfin Texas máa ń jókòó lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì, òfin tuntun sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Àjọ tó ń rí sí ìwé ẹ̀rí àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà, TCOLE, fi dandan lé e pé kí ọlọ́pàá gba ẹ̀kọ́ lórí àwọn òfin tó yí padà ní ọdún méjì méjì. Ṣùgbọ́n òfin ìbọn jẹ́ ọ̀kan péré nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òfin tó yí padà, ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò sì lè mú ohun tí èèyàn ti fi ogún ọdún ṣe iṣẹ́ lé lórí kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọlọ́pàá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000 kọ́ ọ pé ìbọn tó hàn síta jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n ní kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ bí ìwé àṣẹ bá wà. Ní ọdún 2021, wọ́n ní ìwé àṣẹ náà kò pọn dandan mọ́. Florida tún jẹ́ àpẹẹrẹ: àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ń mú ẹni tó bá fi ìbọn hàn ní gbangba títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan fagi lé èèwọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹjọ́ méjì wá. Ní Philadelphia ní oṣù kejì ọdún 2011, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní ìwé àṣẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ pẹ̀lú ìbọn ní ìbàdí. Ọlọ́pàá na ìbọn sí i, ó ní kó kúnlẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbohùn wà nínú àpò ọ̀dọ́kùnrin náà, ó sì hàn nínú ohùn tó gbà sílẹ̀ pé ó ń ṣàlàyé pé òfin gba òun láyè, tí àwọn ọlọ́pàá náà kò sì gbà. Òun ló mọ òfin. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá tún ṣàlàyé ni ìbínú àwọn tó na ìbọn sí i ń ru sókè, bí ọta kan bá sì ti jáde, òfin kò lè dá a padà. Lẹ́yìn tó gbé ohùn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀.

Ẹjọ́ kejì ti ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio wá, ọdún 2010. Ọkùnrin kan ń mú ajá rẹ̀ rìn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ìbọn wà nínú àkọ̀ ní ìbàdí. Ẹnì kan tó ń gun alùpùpù kọjá bínú sí i, wọ́n sì pe 911. Ọlọ́pàá gba ìbọn náà, ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó fi í sínú ọkọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kì í ṣe lójú ọ̀nà ni ọkùnrin náà ti jà. Ilé ẹjọ́ ló lọ, nígbà tó sì di ọdún 2015, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ ní àgbègbè kẹfà, èyí tí Ohio wà lábẹ́ rẹ̀, sọ pé nígbà tí Ohio bá ti gba gbígbé ìbọn ní gbangba láyè, rírí ìbọn nìkan kò tó ìdí láti di èèyàn mú. Irú ilé ẹjọ́ kan náà ní àgbègbè kẹrin ti sọ ohun tó fara jọ ọ́ ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: àgbègbè karùn-ún ni Texas wà, ìdájọ́ àwọn àgbègbè yòókù kò sì de àwọn adájọ́ ibẹ̀. Agbẹjọ́rò lè tọ́ka sí i, adájọ́ sì lè gbà á tàbí kó má gbà á.

Ohun mìíràn wà tí kò dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ Heien pé bí ọlọ́pàá bá ṣi òfin túmọ̀, tí àṣìṣe náà sì jẹ́ irú èyí tí ẹni tó ní làákàyè lè ṣe, dídá tó dá èèyàn dúró lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ síbẹ̀. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ló dá ẹjọ́ yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ìbọn, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àìmọ̀ òfin ọlọ́pàá nìkan ti tó láti dá òun láre.

Nítorí náà, bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ọwọ́ yín méjèèjì níbi tí wọ́n ti lè rí i. Ẹ béèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ bóyá wọ́n dá yín dúró ni tàbí ẹ lè máa lọ. Bí ẹ kò bá gbà kí wọ́n yẹ ara tàbí ọkọ̀ yín wò, ẹ fẹnu sọ pé ẹ kò gbà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọwọ́ dí wọn. Ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́pàá náà sọ́kàn, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì, Minnesota

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òfin nìkan ni. Ìpínlẹ̀ tí mo wà yìí ni Philando Castile, awakọ̀ aláwọ̀ dúdú kan tí ọlọ́pàá dá dúró, kú sí ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 2016, ní Falcon Heights. Ó ní ìwé àṣẹ. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé òun ní ìbọn lára. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọlọ́pàá náà yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀méje lójú obìnrin tó ń fẹ́ àti ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà sílẹ̀. Èmi tí mo bí ọmọkùnrin méjì ní ilẹ̀ yìí, mo ń ronú nípa rẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ mi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà gbà á. Nínú ọkọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná inú, ẹ sọ fèrèsé kalẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ìdarí ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìwé ọkọ̀ àti ìwé àṣẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ìbọn. Bí ẹ bá fẹ́ sọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìbọn ṣáájú; ẹ sọ pé ẹ ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀, ẹ sọ ibi tí ìbọn náà wà, kí ẹ sì béèrè ohun tí ọlọ́pàá fẹ́ kí ẹ ṣe, láìgbé ọwọ́ kúrò lórí ìdarí. Bí ó bá sọ ohun méjì tó tako ara wọn, bí ẹni pé kí ẹ mú ìwé jáde, kí ẹ má sì mira, ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àṣà ilé wa tún lè kó wa sí yọ́ọ́yọ́ níbí. Nílé, bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró, a máa ń sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, a máa ń sún mọ́ ọn láti bẹ̀ ẹ́, ọkùnrin tó ní ẹ̀kọ́ ilé á fẹ́ tẹrí ba, á fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ní ìbọn ní ìbàdí tó sì tẹ̀ ba lójijì níwájú ọlọ́pàá ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ àfi bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má yíjú sí ẹni tó jókòó tì yín kí ẹ máa bá a sọ Yorùbá, nítorí ọlọ́pàá kò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ohùn yín lè yé e.

Agbaninímọ̀ràn Ìwé Ìgbélùú, Maryland

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni ìwé ìgbélùú, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣáájú láàárín wa. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì lè ra ìbọn, ó sì lè ní in. Ẹni tí kò ní ìwé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní in pẹ̀lú, àfi bí ó bá wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Láti ọdún 2022, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Yíyá ìbọn yìn ní ibi ìdánrawò náà wà lábẹ́ rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilẹ̀ Lárúbáwá tí físà rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́yìn tí yunifásítì rẹ̀ ní Florida lé e dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọdún 2019 nítorí irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni náà mọ ipò tí òun wà, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ibi ìdánrawò gbé e dé.

Ẹ̀gbọ́n olùbéèrè, ẹ kò tíì di ọmọ onílùú. Òfin ìwọ̀lú sọ pé bí ilé ẹjọ́ bá dá ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú lẹ́bi ẹ̀sùn ìbọn, ìjọba lè lé e padà sílé, bí ẹ̀sùn náà tilẹ̀ kéré. Ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n mú pẹ̀lú ìbọn láìsí àkọ̀ lè san owó ìtanràn kó sì gbàgbé rẹ̀. Ní tiyín, ọkọ̀ òfuurufú lè tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá mú yín, tí ẹnì kan sì ní kí ẹ gbà pé ẹ jẹ̀bi kí ẹ lè tètè lọ sílé, ẹ má gbà títí ẹ ó fi rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú. Láti ọdún 2010 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ nínú ẹjọ́ Padilla pé agbẹjọ́rò tó ń gbèjà ẹni gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ewu lílé kúrò nílùú fún un.

Ará Houston

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti pinnu pé n kò ní gbé ohunkóhun jáde títí n ó fi gba ìwé àṣẹ, aṣọ ni n ó sì fi bò ó. Ó ku ohun méjì: bí ọlọ́pàá bá ní òun fẹ́ gba ìbọn náà lọ́wọ́ mi ńkọ́? Mo tún ní àbúrò kan ní New York tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo sì fẹ́ fi ọkọ̀ wa lọ. Ṣé mo lè gbé e dání?

Akọ̀wé Agbẹjọ́rò, Dallas

Ẹ jẹ́ kó gbà á, ẹ̀gbọ́n, ẹ má sì fọwọ́ yín yọ ọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Òfin Texas gbà kí ọlọ́pàá gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ bí ó bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbàgbọ́ pé ààbò béèrè fún un, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ bí ẹ kò bá rú òfin. Nígbà tó bá béèrè ìwé ìdánimọ̀ yín, tí ìbọn sì wà lára yín, ìwé àṣẹ náà gbọ́dọ̀ bá a jáde. Ní ọdún 2015 tí wọ́n ń jíròrò òfin àkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 yẹn, Harold Dutton, aṣòfin láti Houston yín níbẹ̀, wà lára àwọn tó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ dá èèyàn dúró nítorí ìbọn inú àkọ̀ nìkan. Wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò kó tó di òfin. Ó dùn mí títí di òní, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ni Dutton ń rò.

Ẹ tún máa wo pátákó ẹnu ọ̀nà. Èyí tí wọ́n kọ 30.07 sí ń lé ẹni tó ní ìwé àṣẹ tó fi ìbọn hàn, 30.06 ń lé ẹni tó fi í pamọ́, 30.05 wà fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Ilé ìjọsìn náà lè gbé pátákó bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí wọ́n bá sì fẹnu sọ fún yín pé kí ẹ jáde, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹni tó bá kọ̀ lè rí ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún kan àti owó ìtanràn tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là.

Ará Brooklyn

Bọ̀dá, ẹ má gbé e wá síbí rárá. New York kò ka ìwé àṣẹ Texas sí, kò sì gba fífi ìbọn hàn ní gbangba. Ẹjọ́ Bruen tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá ní ọdún 2022 mú kí gbígba ìwé àṣẹ rọrùn díẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n kò mú kí New York ka ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ mìíràn sí. Ẹni tí wọ́n bá mú níbí pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́ tí ọta wà nínú rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ New York lè rí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àbọ̀ ó kéré tán. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń dáàbò bo arìnrìn-àjò tó ń la ìpínlẹ̀ kọjá, bí ìbọn bá ṣófo tó sì wà nínú àpótí tí a tì níbi tí ọwọ́ kò lè dé, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń lọ gbọ́dọ̀ gbà yín láyè láti ní in, New York kò sì gbà yín. Ẹ má tan ara yín pẹ̀lú bàálù náà. Wọ́n máa ń mú àwọn arìnrìn-àjò ní pápákọ̀ òfuurufú wa nígbà tí wọ́n ń padà lọ, tí wọ́n sì fi òtítọ́ sọ fún òṣìṣẹ́ bàálù pé ìbọn wà nínú ẹrù àwọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé tiwọn. Kí ẹ tó di ẹrù ìgbéyàwó, ẹ tú gbogbo báàgì tí ẹ bá ti gbé lọ sí ibi ìdánrawò, kí ẹ rí i pé ọta kan kò ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.